Ọ̀rọ̀ Kan Nínú Fáìlì Pupa

Ọkùnrin tó wá yẹ àwọn àdó olóró wò kò kọ ẹ̀yìn sí wọn nígbà tó ń jáde. Ẹ̀yìn ló fi rìn. Ó ń gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń yọ́ kúrò níwájú ajá tí kò mọ̀ bóyá ó ń sùn tàbí kò sùn, títí gìgísẹ̀ rẹ̀ fi kan ẹnu ọ̀nà ilé ọta. Nígbà tó dé ìta, ó ṣí fìlà, ó fi nu ojú, ó sì sọ fún ọ̀gá wa pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ibẹ̀ mọ́. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìwé àti bíírò lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n kọ ohun tó sọ sílẹ̀. N kò lè kọ nǹkan kan. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ewu ti bá wa délé.

Omi ló fà á. Òjò rọ̀ títí, odò ẹ̀yìn bárékè kún, ó sì wọ ilé ọta dé orókún. Nígbà tí omi fà, àwọn àpótí tó ti wà níbẹ̀ kí n tó dé iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú, òórùn kan sì ń jáde lára wọn bí òórùn ọtí tó ti kan. Ọkùnrin náà ní àwọn tí yóò wá kó wọn yóò ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n sì lè pẹ́.

"Kí wọ́n tó dé, ẹ máa gbàdúrà," ló wí, "kí ẹ sì mọ ibi tí ẹ máa sá gbà."

Mímọ ibi tí a máa sá gbà, iṣẹ́ tèmi nìyẹn.

N kì í ṣe sójà. Ọmọ Ìkìrun ni mí, ìwé mẹ́wàá ni mo kà, mo sì ń ṣe akọ̀wé nínú bárékè kékeré kan láàrin Inísà àti Òkukù. N kò ní júwe ibẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló mú mi débẹ̀. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú, òun ló san owó ilé ìwé mi láti orí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, n kò sì ní ẹlòmíràn láyé. Abẹ́ àtíbàbà kan nínú ọjà bárékè ló ti ń tún aṣọ àwọn sójà ṣe, tó ń lẹ orókún ṣòkòtò, tó ń dín èyí tó fẹ̀ jù kù. Máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ló ń lò. Bí mo bá wà nínú ọ́fíìsì, tí mo bá ti ń gbọ́ ìró máṣíìnì yẹn, ọkàn mi máa ń balẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọkùnrin yẹn ti fi ẹ̀yìn rìn, ohun kan ṣoṣo ni mò ń bẹ Ọlọ́run fún: ọjọ́ tí ibẹ̀ bá gbiná, kí ẹ̀gbọ́n mi rí ọ̀nà jáde.

Fáìlì mẹ́ta ni mo ń tọ́jú. Pupa jẹ́ ti iná: bí ilé ọta bá ti ń rú èéfín, kí gbogbo ènìyàn wọ àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́nu géètì, kí wọ́n kó wọn lọ sí Inísà. Búlúù jẹ́ ti omi: bí odò bá tún kún, kí a gun òkè lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Dúdú jẹ́ ti àwọn ajínigbé, nítorí lásìkò náà a ń gbọ́ pé wọ́n ń dá ọkọ̀ dúró lọ́nà Òkukù: bí ìbọn bá dún lójú títì, kí ẹnikẹ́ni má sún mọ́ géètì, kí gbogbo ènìyàn gba ẹ̀yìn wọ oko ẹ̀gẹ́, kí wọ́n dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Bí ẹ bá ka fáìlì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ kò ní rí àléébù kankan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ewu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí pupa ní kí a sá lọ, dúdú ní a kò gbọdọ̀ débẹ̀. Oko tí dúdú ní kí a sá sí, ẹ̀yìn ilé ọta gan-an ló wà.

Èmi àti sájẹ́ńtì kan, ọmọ Òkukù, la jọ ń bójú tó wọn. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀yìn tì, n kò sì rí i rí kó sáré. Láràárọ̀ ló máa ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà mi.

"Àǹtí akọ̀wé, ẹ káàárọ̀. Ewu mélòó ló jí?"

"Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni o, ọ̀gá."

"Kò burú. Ẹ bá mi kí wọn."

A ń fi ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ́ àwọn ènìyàn ní ti iná, Ọjọ́rú ti omi, Ọjọ́bọ̀ ti ìbọn. Inú àwọn obìnrin ọjà kò dùn sí i, nítorí wọ́n ní láti fi ìkòkò sílẹ̀ lórí iná kí wọ́n tó sá. Ẹ̀gbọ́n mi ni ọ̀gá wọn nínú ẹ̀fẹ̀.

"Sájẹ́ńtì, èwo la ń sá fún lónìí?"

"Omi ni, ìyá aránṣọ. Ọjọ́rú ni."

"Tí iná bá wá dé lọ́jọ́ Ọjọ́rú ńkọ́?"

"Ẹ sọ fún un pé kó padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Fèrè ńlá bárékè ti mu omi, kò ké mọ́. Agogo ló kù. Agogo lè sọ fún ènìyàn pé kó sá, kò lè sọ ibi tó máa sá sí. Nítorí náà a pinnu pé àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ni yóò máa sọ ìyẹn. Ọ̀gá wa ń kọ ti Gẹ̀ẹ́sì, sójà kan ń kọ ti Haúsá, èmi ń kọ ti Yorùbá fún àwọn obìnrin tó ń ti Inísà àti Òkukù wá tajà. N kì í fi àmì sórí tàbí sábẹ́ lẹ́tà. Ta ló ń fi àmì sí i? Bí mo bá fi àmì sí i, fóònù á gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì, ìdajì kejì á sì dé nígbà tó bá wù ú.

Lọ́jọ́ kan a fẹ́ ro etí odò kí omi lè rí ọ̀nà lọ. Mo tẹ̀ ẹ́ sí wọn pé: Ki onikaluku mu oko re wa lola. Ọkọ́ ni mo ní lọ́kàn, èyí tí a fi ń ro ilẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọ géètì. Bàbá náà ti fá irun, ó wọ bùbá tó mọ́.

"Àǹtí akọ̀wé, ọkọ mi rè é o. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Sájẹ́ńtì kò rẹ́rìn-ín rárá. "Ẹ gbé e síbí, màmá. Òun la máa fi ro ilẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá orí mọ́ máṣíìnì. Fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, bí ìyá ẹlẹ́kọ bá ti ń kọjá, àwọn obìnrin á máa bi í pé ṣé ó ti pọ́n ọkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sí Ìkìrun, ẹ̀gbọ́n mi kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Àbúrò, máa fi àmì sí ọ̀rọ̀ rẹ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n mọ ohun tí mò ń sọ."

"Ta ló mọ̀ ọ́n? Ìyá yẹn kúkú mú ọkọ wá."

"Ẹ̀rín lásán ni."

"Hẹn. Ẹ̀rín ni."

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà, lẹ́yìn ọ̀sán. Oòrùn mú ganrínganrín lẹ́yìn òjò àárọ̀, ooru sì ń jáde láti inú ilẹ̀. Mo ń gé èékánná lórí àga mi nígbà tí mo rí sájẹ́ńtì tó ń sáré bọ̀. Kí ó tó la ẹnu ni mo ti dìde.

"Àǹtí, pupa! Pupa ni o! Ẹ ní kí wọ́n lọ sí ọkọ̀!"

Agogo bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo gbé fóònù, mo tẹ̀ ẹ́: E lo si oko kiakia. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré. Mo fi ránṣẹ́.

Mo wo ojú fèrèsé. Èéfín funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń jáde lábẹ́ òrùlé ilé ọta, kò ju èéfín àdògán lọ. Àwọn ìyàwó sójà, tó ka ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Haúsá, ti pọn ọmọ, wọ́n ń sáré lọ sẹ́nu géètì. Àwọn tèmi kò lọ. Wọ́n kó jọ síwájú àtíbàbà ẹ̀gbọ́n mi, fóònù lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń tọ́ka síwájú, wọ́n ń tọ́ka sẹ́yìn. Mo ń pariwo nínú yàrá níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè gbọ́ mi: "Ẹ lọ! Ẹ lọ!" Mo rí ẹ̀gbọ́n mi tó gbé ọwọ́ sókè, tó sọ̀rọ̀ kan fún wọn. Gbogbo wọn yí padà, wọ́n sì kọrí sí ọ̀nà oko.

Mo pè é lórí fóònù. Ó gbé e kíá.

"Àbúrò, a ti ń lọ. Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀! Ọkọ̀ ni mo wí! Ẹ padà!"

Agogo ń dún, àwọn ọmọdé ń ké. "Oko náà kúkú la—"

"Mọ́tò! Ẹ̀gbọ́n mi, mọ́tò! Mọ́tò ẹnu géètì!"

Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló ń bá sọ̀rọ̀ mọ́. "Ẹ padà! Mọ́tò ni! Mọ́tò ni wọ́n wí!"

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò nílò àmì. Moto. Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu gbogbo wa láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n èmi akọ̀wé tí mo kàwé, mo ka mọ́tò sí ọ̀rọ̀ ọmọ garéèjì, kò yẹ nínú ìwé ìjọba. Ọkọ̀ ni mo kọ sínú fáìlì pupa, ọkọ̀ náà ni mo sì tẹ̀.

Wọ́n padà. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń sáré bọ̀, ìborùn ń já bọ́ lórí wọn. Ẹ̀gbọ́n mi kò sáré. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà oko, ó ń ti ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni tó ń kó adìyẹ wọlé. Ìyá ẹlẹ́kọ ló kù, tí orókún kò jẹ́ kó lè sáré. Ẹ̀gbọ́n mi dúró dè é. Ó mú un lápá, ó tì í kọjá síwájú ara rẹ̀. Okùn tí ó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Sájẹ́ńtì ti di apá mi mú nígbà yẹn, ó ń fà mí jáde, mo sì ń wo ẹ̀yìn.

N kò gbọ́ ìró rẹ̀. Àwọn ènìyàn ní ó dún dé Ìkìrun. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ilẹ̀ gbé mi sókè, ó gbé mi kalẹ̀, mo sì ń wo àwọn ìwé inú fáìlì mi tó ń fò lókè bí lékeléke.

Ní ọsibítù ní Òṣogbo, wọ́n gé ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi lábẹ́ orókún. Ẹsẹ̀ tó fi ń tẹ máṣíìnì ni. Nígbà tó lajú, kì í ṣe ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ béèrè.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́nikẹ́ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìyá ẹlẹ́kọ ńkọ́?"

"Ó wà. Ọkọ rẹ̀ ló wá mú un lọ sílé."

Ẹ̀rín díẹ̀ yọ létè rẹ̀. "Ọkọ yẹn wúlò nígbẹ̀yìn." Lẹ́yìn náà ó wo ibi tí aṣọ ìbora ti tẹ́ pẹrẹsẹ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì wò ó pẹ́. Mo fẹ́ sọ fún un nígbà náà. Mo ń pa ìka mọ́ ìka. N kò sọ ọ́.

Wọ́n ṣe ìwádìí. Àwọn ọ̀gá tó wá kò gbọ́ Yorùbá. Wọ́n gba fóònù ọ́fíìsì, wọ́n sì ní kí sájẹ́ńtì kà á fún wọn. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó kà á sókè: "Ẹ lọ sí ọkọ̀ kíákíá." Bó ṣe wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tó sáré wá bá mi náà ló ṣe kà á. Ó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé akọ̀wé ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo mọ̀ pé ohùn sájẹ́ńtì ló gbà mí sílẹ̀, mo sì dákẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í tọrọ pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ kà.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, odò fà, wọ́n ní kí n ti fáìlì búlúù. Nígbà tó yá, ọ̀nà Òkukù rọ̀, àwọn bọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná an bí ti tẹ́lẹ̀, mo ti fáìlì dúdú. Pupa ló kù. Ìbúgbàù náà ti da àwọn ọta tí kò tíì bú gbàmù sínú oko ẹ̀gẹ́, wọ́n sì fi igi àti àkísà pupa sàmì yí i ká. Ìyá arúgbó kan ní Òkukù ló ni oko náà. Bí ó bá wá, á dúró létí àkísà, á máa wo ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tó ń gbó, tó ń di igi mọ́ ilẹ̀. "Ẹ kú ìṣọ́ o," ló máa ń kí àwọn sójà, á sì padà.

Ní ilé wa ní Ìkìrun, a ra máṣíìnì ọlọ́wọ́. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi ni mò ń yí i, ẹ̀gbọ́n mi á máa fi ọwọ́ méjèèjì darí aṣọ. "Rọra," á wí. "Yí i. Dúró." Ohun tí à ń bá ara wa sọ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo ń jókòó sí. Bí ilẹ̀kùn bá gbá, mo ti dìde kí n tó mọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń yí máṣíìnì náà, ọ̀rọ̀ yẹn á dé ọ̀fun mi, á sì padà.

Àwọn tó ń hú ọta jáde parí iṣẹ́ wọn ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Sájẹ́ńtì, tó ku oṣù kan kó fẹ̀yìn tì, dé ẹnu ọ̀nà mi.

"Àǹtí akọ̀wé, ewu mélòó ló jí?"

"Ọ̀kan, ọ̀gá."

"Ó ti kú. Ẹ sọ fún àwọn ènìyàn yín."

Ó pẹ́ kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán. Mo ń wá àmì kọ̀ọ̀kan lórí fóònù bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì: Kò séwu mọ́ nínú oko. Ẹ lè wọlé. Mo fi ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, mo sì fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Kò pẹ́ tó fi pè.

"O fi àmì sí i."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Fóònù gé e sí méjì."

"Mo mọ̀."

"Mò ń bọ̀ níbẹ̀."

Òun nìkan ló wọ bọ́ọ̀sì wá, òun àti ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó dé, àwọn sójà ń tú àkísà pupa kúrò lára igi. Ìyá tó ni oko ti wà nínú ẹ̀gẹ́, ó ń fi àdá gé igi rẹ̀, ó ń dá kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n fún òun ní àkísà kan. Ó fi ìka tẹ etí rẹ̀ wò.

"Ta ló gé èyí? Kò mọ aṣọ gé."

A dúró sí ẹnu ọ̀nà oko, níbi tó ti dúró lọ́jọ́ náà. Mo wo ilẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, n kò fi àmì sí i lọ́jọ́ yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ti kìlọ̀ fún mi. N kò gbọ́."

Kò wò mí. Ó ń ká àkísà náà mọ́ ọwọ́, ó tún ń tú u. "Ìyá ẹlẹ́kọ ló ní ó lè jẹ́ ọkọ̀," ló wí.

"Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ náà, níwájú àtíbàbà. Ó ní, 'Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n léèrè, mo ti ṣì í kà rí.' Àwọn kan ti ń lọ sẹ́nu géètì. Èmi ni mo pè wọ́n padà. Mo ní Ọjọ́bọ̀ ni, oko là ń lọ. Mo ní àbúrò mi ló kọ ọ́, èmi ni mo tọ́ ọ, kò sẹ́ni tó mọ ìwé rẹ̀ kà tó mi." Ó gbé ojú sókè, ó wo inú oko. "Wọ́n gbà mí gbọ́. Ìyá yẹn náà tẹ̀ lé mi, pẹ̀lú orókún rẹ̀."

Látìgbà tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní Òṣogbo ló ti ń gbé e kiri, bí èmi náà ṣe ń gbé tèmi, a sì ń jókòó sídìí máṣíìnì kan ṣoṣo lálaalẹ́. Omi ń dà lójú mi. Ó na àkísà pupa náà sí mi pé kí n fi nu ojú.

Mo padà sí ọ́fíìsì, mo ti fáìlì pupa, mo so okùn rẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ìyá tó ni oko ti fún ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀gẹ́ mẹ́ta, ó ní ó ti gbó jù, pé kó kàn fi dáná. Mo gbé e. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi dí pẹ̀lú ọ̀pá, nítorí náà èjìká rẹ̀ ló fi tì mí díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré, tó bá fẹ́ kí n máa lọ níwájú. A sì rọra rìn lọ síbi tí mọ́tò wà.